Ìwé Tí Ń Kọ́ni Bí Àwòrán Ṣe Ń Rìn: Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo tún gbé dé lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ìwé ewì. Ìwé tí ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ ni. Iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ kátúùnù: kéèyàn ya àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn, kó sì tò wọ́n lọ́nà tí ẹni tó ń wò wọ́n yóò fi gbà pé ẹni tí a yà yìí ń mí, ó ń rìn, ó ń bínú, ó ń ro nǹkan lọ́kàn ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Èwo ni tàwa nínú eré ọmọdé?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Owó gidi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ sì wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbógun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ mọ Ìbógun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti bí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ sì wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé níbẹ̀, gàrí ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jáde ilé ìwé girama, ó sì ti fi gbogbo ọkàn sọ pé kátúùnù ni iṣẹ́ tí òun yóò ṣe. Ó kọ orúkọ ìwé mẹ́fà sórí tákàdá, ó ní ìwọ̀nyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà káàkiri ayé ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kà. Ẹ̀gbọ́n mi gba tákàdá náà, ó bèèrè iye wọn, ó sì dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbúrò mi, ìwọ lò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ìwọ ni kó o bá wa yan èyí tá a máa rà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni agbára mi ká o." Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, bí a bá ro owó tí yóò gbé e wọ̀lú mọ́ ọn, kò jìnnà sí owó àpò ìrẹsì. Ẹni tó ń fi kóńgò wọn gàrí mọ iye kóńgò tí òun gbọ́dọ̀ wọ̀n kó tó pé owó àpò ìrẹsì.

Nítorí náà mo wá àwọn ìwé náà kàn. Mo yá díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń yàwòrán fún àwọn tó ń polówó ọjà ní Èkó, mo sì ka ìyókù níbòmíràn. Èmi kò mọ kátúùnù yà o. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, iṣẹ́ ìròyìn ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè náà mọ èyí tó dùn lẹ́nu, mo sì ka àwọn ìwé wọ̀nyí pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́kàn: bí ọmọ Ìbógun bá jókòó tì í ní alẹ́, tí kò sí iná, tí kò sí olùkọ́, ṣé yóò dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Èyí tí gbogbo ẹnu ń pè jù ni The Animator's Survival Kit tí Richard Williams kọ, tó jáde ní 2001. Ọmọ Kánádà ni Williams, Toronto ni wọ́n ti bí i ní 1933, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú ní 2019. Òun ló darí kátúùnù inú Who Framed Roger Rabbit ní 1988, fíìmù tí ehoro tí a fọwọ́ yà àti ènìyàn ẹlẹ́ran ara ti jọ ń ṣeré tí ẹ kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ó gba Oscar méjì nídìí iṣẹ́ náà. Òun náà ló fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣe fíìmù kan tí ń jẹ́ The Thief and the Cobbler, tí wọ́n sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1992 kó tó parí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ìwé rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ kì í tó lójú ló kọ ọ́. Agbára ìwé náà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà.

Ìwé ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọwọ́ ni ó fi kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwòrán sì kún ojú ewé kọ̀ọ̀kan débi pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara yóò ṣì rí ohun tí ọkùnrin náà ń wí. Èyí tóbi lójú mi. Ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ló jẹ́ pé àròyé ni wọ́n ń ṣe. Williams ń fi hàn ọ́ ni. Ó ní nínú sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún méjì, wàá ya 12. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: kátúùnù ìṣẹ́jú kan péré, àwòrán 720 ni, nígbà tí èèyàn bá ń fi méjì-méjì ṣọ́wọ́ ná o! Ìgbésẹ̀ kan bíi ti ṣọ́jà tó ń yan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló ń gbà, àwòrán 12 nínú 24. Ẹni tó bá fẹ́ kí arúgbó rìn yóò fi kún un, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọdé sáré yóò yọ kúrò. Bó ṣe ń ka iye àwòrán yìí bí ẹni ń ka owó, ó wù mí gan-an. Iṣẹ́ tó dà bí idán látòkèrè, ó tú u palẹ̀ bí ìgbà tí rẹdíò bá bàjẹ́ tí oníṣẹ́ rẹ̀ tú u sórí tábìlì.

Ibi tí ìwé náà ti dùn jù ni ibi ìrìn. Williams kò yára kúrò níbẹ̀. Ó pín ìgbésẹ̀ sí ipò mẹ́rin: ibi tí gìgísẹ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀, ibi tí orúnkún tẹ̀, tí ara wálẹ̀ láti gba ìwúwo ara rẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, àti ibi tí ara ga jù lọ kí ẹsẹ̀ tó tún balẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà. Tẹ orí sí iwájú díẹ̀, ìbànújẹ́ dé. Jẹ́ kí ara wálẹ̀ níbi tó yẹ kó ti ròkè, ọ̀mùtí dé. Ojú ewé lórí ojú ewé ni, kò sì sú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èmi àti Williams ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ó fi yé wa pé ara tó ń rìn gbọ́dọ̀ máa lọ sókè, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀, orí náà a sì máa bá a lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí a yà yóò dà bí ẹni tó ń fò lórí yìnyín, kò ní ní ìwúwo. Òótọ́ ni fún ẹni tó ń na ọwọ́ méjèèjì lójú títì London. Ẹ wá jáde sí ọ̀nà ọjà Ifọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ẹ wo obìnrin tó ru agbọ̀n ata, tó fi òṣùká sí i, tí kò fọwọ́ dì í mú. Orí rẹ̀ kì í fò. Ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Orúnkún àti ìbàdí ló ń gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì ìrìn náà mọ́ra kó má baà dé orí, nítorí bó bá dé orí, ata á dà. Ìbàdí ń lọ sọ́tùn-ún sósì, apá kan ń jù, èkejì sì lè mú ọmọ lọ́wọ́, orí kò mọ̀ sí i. Ìró tó wé kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ la gbàgà, nítorí náà ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì yá. Bí o bá fi ìrìn inú ìwé Williams wọ̀ ọ́ láìyí nǹkan kan padà, kì í ṣe obìnrin Ifọ̀ mọ́. Òyìnbó tó wé ìró ni.

Èyí kì í ṣe pé ìwé náà parọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé ó ń sọ nípa àwọn èèyàn tó wà lójú ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó sì jẹ́ kí n dárí jì í ni pé ó ti fi irin iṣẹ́ tí a óò fi bá a jiyàn sí wa lọ́wọ́. Òun ló kọ́ mi láti bèèrè pé: kí ló lọ sókè, kí ló dúró, kí ló pẹ́ dé? Kí n tó ka ìwé náà, mo ti ń rí obìnrin tó rẹrù láti ọjọ́ tí mo ti láyé, n kò bi ara mi rí pé kí ló dé tí orí wọn kì í fò.

Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka lẹ́ẹ̀mejì. Williams lọ bá Milt Kahl, ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníkátúùnù ilé iṣẹ́ Disney, ó bi í léèrè bóyá ó máa ń gbọ́ orin bó bá ń ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà náà jágbe mọ́ ọn, ó ní ìbéèrè òpònú lèyí, òun kò gbọ́n tó ẹni tí yóò máa ronú nǹkan méjì pọ̀. Ọmọ tèmi yìí, kò sí ìgbà tí kò ki nǹkan bọ etí méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yọ ọ̀kan.

Ìwé kejì tó gbajúmọ̀ ni The Illusion of Life, tí Frank Thomas àti Ollie Johnston jọ kọ ní 1981. Àwọn méjèèjì yìí wà lára àwọn àgbà mẹ́sàn-án tó gbé kátúùnù Disney ró, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Ojú ewé rẹ̀ lé ní 500, ó wúwo bí bíríkì, ó sì lẹ́wà débi pé èèyàn á fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Inú ìwé yìí ni àwọn òfin méjìlá tí gbogbo oníkátúùnù ń kà bí òfin mẹ́wàá inú Bíbélì ti jáde sí gbangba. Mi ò ní ka méjèèjìlá fún yín, ẹ ò bá mi gbé tábìlì olùkọ́ wá. Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta péré.

Èkíní ni pé ohun rírọ̀ a máa pẹlẹbẹ bó bá balẹ̀, a sì máa gùn bó bá ń lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín, kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ẹni tó bá ti wo iyán nínú odó mọ òfin yìí tán. Ọmọ odó wọ̀ ọ́, ó tẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Wọ́n fa ọmọ odó sókè, ó nà tẹ̀ lé e bí ẹni tí kò fẹ́ kó lọ. Èkejì ni pé kí ènìyàn tó ṣe nǹkan, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì. Ẹni tó fẹ́ gún iyán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọmọ odó ròkè. Bí o bá yà á láìgbé e ròkè, ojú òǹwòran kò ní bá a, yóò sì ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ yẹn?" Ẹ̀kẹta ni pé gbogbo ara kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ, irun, etí ajá, gbogbo rẹ̀ á ṣì máa bọ̀ nígbà tí ẹni tó ni wọ́n ti dúró. Níbi tí a dé yìí, mo rò pé Ọlọ́run dá agbádá fún àwọn oníkátúùnù ni. Alàgbà kan tó ń bọ̀ lóde ìgbéyàwó, tó dúró lójijì láti kí ẹnì kan: bàbá ti dúró, agbádá ṣì ń lọ, agbádá padà, apá rẹ̀ ọ̀tún já wálẹ̀ láti èjìká, bàbá gbé apá náà padà sí èjìká, ó ká a, tòsì tún já. Nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ ti mọ irú ẹni tí bàbá jẹ́, kò sì tí ì sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ jù nínú ìwé náà ni àpò ìyẹ̀fun. Àwọn àgbà náà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àpò tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò kún, pé kó yà á kó máa yọ̀, kó máa sunkún, kó máa bẹ̀rù, láìsí ojú, láìsí ẹnu. Igun mẹ́rin àpò ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o bá lè mú kí àpò kẹ́dùn, kò sí ohun tí o kò lè mú kẹ́dùn. Mo wá bi ọmọ yìí pé nínú ilé tí wọ́n ti ń ta gàrí, kí ló ń wá lọ sí Amẹ́ríkà láti rí àpò yà?

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ìyá rẹ̀ ra ìwé yìí. Ìtàn ilé iṣẹ́ kan ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹni tó gbà, ẹni tó kọ̀, bí ọ̀gá ṣe wí, fíìmù wo ló dùn. Àwọn tó kọ ọ́ jẹun nínú ilé náà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ilé náà bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Èèyàn lè kà á fún oṣù kan kó gbádùn rẹ̀, kó má tí ì ya nǹkan kan. Ìwé àyálò ni. Ẹ yá a, ẹ ka apá òfin méjìlá àti apá ìṣesí, ẹ dá a padà fólówó rẹ̀.

Ìwé kẹta ló jẹ́ kí n sùn pẹ́. Acting for Animators ni, Ed Hooks ló kọ ọ́, ó jáde ní 2000. Hooks kì í ṣe oníkátúùnù rárá, òṣèré àti olùkọ́ eré ni. Kò ní kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ya ìka kan. Ohun tó ń wí ni pé oníkátúùnù jẹ́ òṣèré tó ń fi pẹ́ńsù ṣeré, nítorí náà kó lọ kọ́ ohun tí òṣèré mọ̀. Èrò ló ń ṣáájú ìṣe. Ẹni tó wà lójú eré gbọ́dọ̀ máa wá nǹkan, nǹkan gbọ́dọ̀ sì máa dí i lọ́wọ́. Ohun tí kò bá ní èrò nínú, bó ti wù kó mì tó, mímì lásán ló ń mì.

Ẹ jẹ́ ká fi dọ̀bálẹ̀ wò ó, nítorí kò sí bí ọmọ Yorùbá yóò ṣe ṣe kátúùnù tí kò ní ya dọ̀bálẹ̀. Àyà kanlẹ̀, ẹsẹ̀ nà, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ronú yóò yà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo àna tuntun lọ́jọ́ ìdána. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ funfun ò kàn án, ojú rẹ̀ ń jí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ayọ̀ ń tì í lẹ́yìn, wọ́n ní kó dìde, kò tètè dìde. Ẹ wo ajigbèsè níwájú ẹni tó jẹ lówó. Òun náà dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lọ sílẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ olówó, ó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ yẹn fẹ́ rìn lọ, orí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé sókè. Ẹ wá wo olóṣèlú tó ń wá ìbò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló kan ilẹ̀, orúnkún kò kàn án, àyà kò sún mọ́ ọn. Kí àwọn àgbà tó ní "Ó tó," ó ti dìde, ó sì ti ń wo ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ìṣe kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò ló yàtọ̀, èrò náà ló sì pàṣẹ fún iye àwòrán tí yóò gbà láti lọ sílẹ̀ àti iye tí yóò gbà láti dìde. Hooks kò gbọ́ dọ̀bálẹ̀ rí bóyá, ṣùgbọ́n òun ló la ojú mi sí i.

Àwa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìmọ̀ yìí. Ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti láàárín àwọn Yewa níbí, ọkùnrin ló ń wọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ń jó bí obìnrin láti fi bọlá fún àwọn ìyá wa. Igi tí wọ́n gbẹ́ sórí rẹ̀ a máa ní ère kéékèèké lórí, òmíràn a sì máa mì bí wọ́n bá fa okùn rẹ̀. Àjọ UNESCO gbé e sí ìpele àṣà tó níye lórí lágbàáyé ní 2001. Ọkùnrin tó bá fẹ́ jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó pé, ó gbọ́dọ̀ ti wo obìnrin dáadáa, bó ṣe ń gbé èjìká, bó ṣe ń yí ìdí, ibi tó ti ń dúró mí. Bàbá Sàlá náà, Moses Ọláìyá tó kú ní 2018, mọ ohun tí Hooks ń wí. Ó so aago ńlá tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì mọ́ ara bí aago ọwọ́, ó sì ń wò ó pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ra wúrà. Aago náà kọ́ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé lọ́kàn tirẹ̀, aago yẹn bá a mu.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ti mọ àwòrán yà díẹ̀, tó ti ní agbára ẹsẹ̀ àti ọwọ́, ìwé Hooks ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ó yá jù. Yóò mọ ohun tí òun fẹ́ sọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní lè sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi yóò bi mí, ó sì ti bi mí: "Ṣé iṣẹ́ tó ń bọ́ni ni?" Mi ò lè purọ́ fún un. Ohun tí mo lè fi hàn ni pé àwọn èèyàn wa ń ṣe é. Ní December 2020 ni Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde, kátúùnù gígùn àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, Adébísí Adétáyọ̀ ló darí rẹ̀. Adamu Waziri ń fi Bino and Fino kọ́ àwọn ọmọdé láti Àbújá. Ní 28 February 2024, Disney gbé Iwájú jáde, apá mẹ́fà, iṣẹ́ tí wọ́n bá Kugali ṣe pọ̀, ilé iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan dá sílẹ̀. Ìlú Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n fi ṣe é, Tola ọmọ olówó láti Erékùṣù àti Kole ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀. Aṣọ pé, ìlú pé, ariwo Èkó pé. Ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gbé èjìká, tí wọ́n ń la ọwọ́, ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu ni ti Èkó, èjìká ni ti Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ ní òkè òkun ló ṣe àwọn àwòrán náà, ìwé tí mò ń wí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá mọ bí orí aláàárù ṣe ń dúró ni wọ́n ṣì ń wá.

Bí ọkàn ọmọ náà bá sì fẹ́ rẹ̀ pé òun kò ní ẹ̀rọ, kó gbọ́ nípa Moustapha Alassane. Wọ́n bí i ní 1942, ilẹ̀ Niger ló ti ṣiṣẹ́, ó sì kú ní 2015. Ní 1966 ó ṣe Bon voyage, Sim, kátúùnù tó fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jẹ́ ààrẹ rìnrìn àjò lọ kí ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó padà délé, ó bá a pé wọ́n ti gba ìjọba. Ọdún 1966 o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní January ọdún náà á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ nìkan. Alassane lọ kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Norman McLaren ní Kánádà, ìyókù ló fọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ó ku ọdún márùndínlógójì kí ìwé Williams tó jáde.

Ní ti àwọn ìwé mẹ́ta tó kù, n kò ní fàkókò ṣòfò. Timing for Animation, tí Harold Whitaker àti John Halas kọ ní 1981, tinrín ni, ó sì gbọ́n. Halas ọmọ Hungary yìí àti ìyàwó rẹ̀, Joy Batchelor, ló ṣe kátúùnù Animal Farm ní 1954, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà ní ilé ìwé girama. Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló dá lé jù: báwo ni òǹwòran ṣe ń mọ̀ pé òkúta ni eléyìí, ìyẹ́ ni ìyẹn, nígbà tí pẹ́ńsù kan náà ló ya méjèèjì? Àkókò ni. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n Williams ti sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Character Animation Crash Course! tí Eric Goldberg kọ ní 2008 ń pani lẹ́rìn-ín, òun ló ya àǹjọ̀ọ̀nú inú Aladdin ní 1992, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹnu rẹ̀. Ó ń bá ẹni tó ti mọ nǹkan sọ̀rọ̀ ni, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìdájọ́ mi fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: kó ra ti Williams. Kó ra èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ìwé. Ọmọ náà ní òun ti rí fótò rẹ̀ tí ẹnì kan jí tẹ̀ sórí fóònù. Yàtọ̀ sí pé olè ni, ojú ewé tí àwòrán ogún wà lórí rẹ̀ kò ṣe é kà nínú ohun tó tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ kó o rí gbogbo wọn pọ̀ ni. Kó má ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó bẹ̀rẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù tó ń ta, kó lọ síbi ìrìn, kó jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ìtàn bí Williams ṣe pàdé èyí àti ìyẹn, kó fi wọ́n sí ọjọ́ Sunday. Kó ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé 80, kó máa ya sí igun rẹ̀, kó máa fi àtàǹpàkò jù ú. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bí ó bá lò, 40 àwòrán ni, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ó tó fún ìyá rẹ̀ láti bu kóńgò gàrí kan, kó gbé e ga, kó fọwọ́ gbá orí rẹ̀ tó ga jù, kó sì da á sínú ọ̀rá oníbàárà. Kó ya èyí títí tí oníbàárà ìyá rẹ̀ kan yóò fi mọ̀ ọ́n láìsí pé wọ́n sọ fún un. NEPA kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Bí owó bá sì tún yọjú lọ́dún tó ń bọ̀, Cartoon Animation ti Preston Blair ni kó rà, èyí tó jáde ní 1994, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1940. Òun lówó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Ẹranko tó ń sáré àti ẹyẹ tó ń fò pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì rọrùn láti wò kọ, ó rọrùn jù pàápàá. Kí ọmọ má kàn wò ó kọ. Ewúrẹ́ Ìbógun kì í sáré bí ìyẹn.